Sójà Tó Jọba ní Kambolé

Lánàá, nígbà tí ẹ kó ara yín jọ sídìí rédíò yẹn, tí ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sójà tó ń ṣe olórí ìlú, ọ̀kan nínú yín yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí láyé yín?" Mo rẹ́rìn-ín, mi ò dáhùn, nítorí pé àkókò ìrun ti tó. Lónìí tí ọyẹ́ mú báyìí, tí kò sí ẹni tó fẹ́ tètè lọ oko, ẹ jókòó kí n dá yín lóhùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Kambolé níbí ni. Èmi gan-an ni mo sì ń se oúnjẹ fún un.

Ẹ má wò mí tìyanu-tìyanu bí mo bá ń pe ọkọ mi ní "ó". Nígbà ayé rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é, mi ò sì jẹ́ dárúkọ rẹ̀ létí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti kú, mo sì ti dàgbà ju ọjọ́ orí tó wà nígbà tó kú lọ. Bó bá wọlé báyìí, òun ni yóò dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Kí ọwọ́ àwọn Jámánì tó tó wa, ìlú yìí kò ní títì. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni a ní. Koríko á ga lápá ọ̀tún, á ga lápá òsì, ohùn ẹni tó ń bọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí i. Àwọn Haúsá oníṣòwò gòrò, ìyẹn obì, máa ń gba ibí kọjá pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn. Wọ́n á ti Sokodé wá, wọ́n á gba Tchamba, wọ́n á wá sùn ní sọ́ngò, níbi tí àlejò máa ń wọ̀ sí. Agogo kékeré kan máa ń wà lọ́rùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ṣíwájú. Bí a bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè, àwa ọmọbìnrin á sáré bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú igbá, a ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ́ngò. Iyọ̀ ni àwọn Haúsá yẹn fi ń gbà á lọ́wọ́ wa, iyọ̀ tó le bí òkúta. A ó máa lá a bọ̀ lọ́nà. Ìgbà tí a bá fi máa délé, ahọ́n wa á ti bó, àwọn ìyá wa á máa pariwo lé wa lórí pé kí ni àwọn fẹ́ fi se ọbẹ̀.

Láàárọ̀, ìpè ladánì la kọ́kọ́ ń gbọ́. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni odó á bẹ̀rẹ̀ nílé kan, ti ilé kejì á dá a lóhùn, kó tó di pé oòrùn yọ, gbogbo ìlú á ti máa dún gbì-gbì. Lẹ́yìn odó ni òfì bàbá mi. Ahunṣọ ni bàbá mi, abẹ́ àtíbàbà iwájú ilé ló ti ń hun aṣọ, èmi àti ìyá mi là ń ran òwú fún un. Ọwọ́ ìyá mi dúdú fún aró títí dé ìgbọ̀nwọ́, ọṣẹ kankan kò lè bó o. Lónìí, ẹ ń wọ aṣọ tí ẹ kò mọ ẹni tó hun ún. Mi ò bá yín wí o. Ó kàn ń yà mí lẹ́nu ni.

Ọba tó wà lórí oyè nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àgbàlagbà oníwà tútù ni. Bí èèyàn méjì bá gbé ìjà dé iwájú rẹ̀, yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun. Inú àwo kan náà ni wọ́n á ti jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bá fi jẹun tán, púpọ̀ nínú ìjà náà á ti tán pẹ̀lú oúnjẹ. Nígbà tí bàbá náà ṣaláìsí, agbo ilé méjì ń du oyè, wọ́n sì du ú títí tí àgbàdo fi gbó lóko, a kò ní ọba. Ọ̀rọ̀ náà rìn títí ó fi dé etí òyìnbó ológun tó ń ṣàkóso ní Sokodé.

Òyìnbó yẹn gun ẹṣin wá, àwọn sójà dúdú tò tẹ̀ lé e, wọ́n dé fìlà pupa. Ọkùnrin kan ru àga rẹ̀ lórí, nítorí kì í jókòó lórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ ìlú, ọ̀kan nínú àwọn sójà náà yà kúrò nínú ìlà, ó gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí lọ. Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú agbo ilé tó wà níbẹ̀, ó ń po òrí lọ́wọ́. Bó ṣe rí sójà pẹ̀lú ìbọn, ó sá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Sójà náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá mi, èmi Sàlìfú ni."

Ọmọ rẹ̀ ni lóòótọ́. Ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù ló tẹ̀ lé àwọn onígòrò lọ sí Sokodé, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ ti ṣe sàráà òkú fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń gé koríko fún ẹṣin àwọn sójà Jámánì, ó ń gé e títí wọ́n fi fún òun náà ní ìbọn. Ó ti bá wọn dé òkè, ó ti bá wọn dé ìsàlẹ̀, ó ti dé Lomé, ó rí òkun, ó ní òun kọ́kọ́ rò pé ọ̀run ló wó lulẹ̀. Ìyá náà jáde tòun ti òrí tó bò ó lọ́wọ́, ó dì mọ́ ọn, òrí kun gbogbo ẹ̀wù ìjọba. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wò ó bóyá yóò bínú. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ nà sílẹ̀ gbọọrọ bíi ti ẹni tó wà níwájú ọ̀gá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, òyìnbó pe gbogbo ìlú jọ. Ògbufọ̀ kan yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Kótókólì, èdè àwọn ará Sokodé, ẹlòmíràn yí i sí èdè tiwa. Ó ní ìlú kò gbọdọ̀ wà láìní olórí, òun sì ti bá wa wá ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ wa. Ó nawọ́ sí Sàlìfú. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ògbufọ̀ ní kí a pàtẹ́wọ́. A pàtẹ́wọ́. Bí a ṣe ní ọba nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ agbo ilé kankan nínú àwọn tó ń du oyè, àwọn méjèèjì sì torí rẹ̀ parí ìjà wọn.

Ó ń ṣe ìjọba bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nínú iṣẹ́ sójà. Ó ní fèrè idẹ kan tó ń fọn ní àfẹ̀mọ́jú kí gbogbo ìlú lè jí. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan gbá iwájú rẹ̀, kí baálé ilé dúró síbẹ̀ nígbà tí òun bá ń kọjá. Bó bá fẹ́ kí èèyàn dákẹ́, "Àkítún!" ni yóò wí, ọ̀rọ̀ Jámánì ni, wọ́n fi ń pe sójà kó nàró ni. Kò pẹ́ tí gbogbo ọmọdé ìlú fi ń pariwo "Àkítún!" mọ́ ewúrẹ́. Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni àárọ̀ ọjọ́ kan tí fèrè rẹ̀ àti ìpè ladánì bọ́ sí àkókò kan náà. Ladánì gbóhùn sókè, fèrè náà gbóhùn sókè, ni gbogbo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sọ́ngò bá gbà á lẹ́nu wọn. Àwọn tó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi dànù. Lèmọ́mù lọ bá a nílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kò bínú, wọ́n ní ó kàn sọ fún un pé ìlú ti ní ẹni tó ń jí i kó tó dé. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ìrun ni fèrè ń dún.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó rán èèyàn sí bàbá mi nítorí mi. Bàbá mi pè mí sábẹ́ àtíbàbà, kò dá iṣẹ́ dúró, ó ń hun aṣọ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mi ò lè sọ pé rárá fún ẹni tó ní ìbọn. Ṣùgbọ́n mo lè sọ pé ara ọmọ mi kò yá. Ṣé ara rẹ kò yá ni?"

Mo rò ó díẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin yẹn níjọ́ kan tó ń ru omi bọ̀ láti odò fún ìyá rẹ̀, bàtà sójà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omi ń dà sí i lára, àwọn ọmọge ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì wo ẹ̀yìn. Mo ní, "Bàbá, ara mi le." Bàbá mi mi orí, ó ní ó dáa. Wọ́n so yìgì wa lẹ́yìn Iléyá.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà sójà kò kúrò lára rẹ̀. Ìdúró ló ti ń jẹun, ojú rẹ̀ á máa wo ẹnu ọ̀nà. Mo máa ń sọ fún un pé iyán kì í sá lọ, kó jókòó. Yóò jókòó, bí mo bá ti yíjú, yóò tún dìde. Mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ìjọba rẹ̀ kò dára fún ohunkóhun. Ọ̀nà Koussountou tí àwọn ọlọ́ṣà ti máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ èèyàn, ó fi ọdẹ sójú rẹ̀, àwọn ọlọ́ṣà sì yọwọ́. A wá ń lọ ọjà Bago, obìnrin nìkan, a ó máa kọrin lọ, a ó máa kọrin bọ̀. Ó ní kí wọ́n fi òkúta mọ ẹnu kànga, kí ẹnikẹ́ni má fọ aṣọ nítòsí rẹ̀. Inú rírun àwọn ọmọdé dín kù lọ́dún yẹn, gbogbo ìyá ló sì mọ̀. Ó gba èso igi tíìkì wá láti Sokodé, ó gbìn wọ́n ní ìlà gbọọrọ-gbọọrọ. Ewé tó fẹ̀ yẹn, a kò rí irú rẹ̀ rí, a fi ń pọ́n irú.

Títì ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Àṣẹ dé láti Sokodé pé títì gbọ́dọ̀ dé Tchamba, kó sì ti Tchamba dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ ọkùnrin kan tó lágbára. Wọ́n á máa wa ilẹ̀, wọ́n á máa ru òkúta, oúnjẹ wọn ọwọ́ wọn ni. Bó bá ṣe pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, èèyàn á fara dà á. Ṣùgbọ́n ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ni, tí gbogbo ọkùnrin ń kọ ebè, tí ọmọ iṣu ti ń rú nínú àká. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin iṣu mọ̀ pé iṣu kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Ìsìfú, ni wọ́n kàn nílé bàbá mi. Bàbá mi ti darúgbó kọjá iṣẹ́ oko, Ìsìfú nìkan ló ń bọ́ ilé náà. Kò sí ẹni tó mọ oko tó o, kò sì sí ẹni tó mọ igbó tó o. Ó ní òun kò kọ iṣẹ́ títì, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ ebè òun tán, òun yóò lọ. Wọ́n rán ẹni sí i lẹ́ẹ̀kan, ó wà lóko. Wọ́n tún rán ẹni sí i, ó wà lóko. Nígbà tó yá, wọ́n lọ mú un ní oko náà, wọ́n so ọwọ́ rẹ̀, wọ́n mú un wá síwájú ilé wa.

Mo ń gún iyán lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ ohùn ọkọ mi, kò le, kò sì rọ̀. Mo gbọ́ ẹgba. Ẹ̀gbọ́n mi kò ké. Mo gbé ọmọ odó sókè, mi ò lè sọ ọ́ kalẹ̀, mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi parí.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ fún un, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi lẹ nà."

Ó ní, "Mo mọ̀. Bí mo bá fi àna mi sílẹ̀, ọmọ ta ni mo fẹ́ rán lọ?"

Mo ní, "Ìyẹn dára lẹ́nu sójà. Ẹ sọ ti ọkọ mi fún mi."

Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Oúnjẹ náà wà níbẹ̀ títí ó fi tutù. Mo rò ó pé kí n padà sílé bàbá mi, mo tilẹ̀ di ẹrù mi. Bàbá mi ló ní kí n tú u. Ó ní bí mo bá kúrò níbẹ̀, kò ní sí ẹnìkan mọ́ nínú ilé náà tó lè sọ òótọ́ fún un.

Wọ́n la títì náà. Ìsìfú wà níbẹ̀ títí òjò fi le, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì tíì jinná. Ọ̀pọ̀ ebè kò rí ẹni kọ wọ́n. Ní ọdún yẹn, iṣu igbó la wa jẹ, èyí tí a ní láti rẹ sómi kí ó má bàa yọ èèyàn lẹ́nu, a sì ń fi òrí àti iyọ̀ tàn án jẹ. Àwọn arúgbó kan kò la ọdún náà já. Ọkọ mi jẹ iṣu igbó náà pẹ̀lú wa. Ó ní kí wọ́n kó àgbàdo tó wà nílé wa fún àwọn tó ní ọmọ lẹ́yìn. Àwọn èèyàn gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọn ò sì wo ojú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi kò wọ agbo ilé wa mọ́. Mo bímọ, kò wá síbi ìsọmọlórúkọ. Bí Iléyá bá dé, yóò fi ẹran tèmi rán ìyàwó rẹ̀ sí mi, ẹran ejìká ni, ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sí nǹkan kan nínú àwo fún baálé ilé. Ní mọ́ṣáláṣí, bí ọkọ mi bá dúró nínú sàfù kan, ìyẹn ìlà ìrun, Ìsìfú á lọ sí òmíràn. Ọdún ń gorí ọdún. Ọkọ mi kì í sọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i bó ṣe máa ń wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi bí wọ́n bá ń jáde níbi ìrun.

Ìgbà tí iṣu tuntun ń wọlé ni ìròyìn ogun dé. A kò kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá ẹni jà. Àwọn onígòrò ló sọ pé àwọn òyìnbó ló ń bá ara wọn jà, pé Faransé tó wà lápá Dahomey àti Jámánì tiwa ti di ọ̀tá. A ní àwọn ìbátan lápá ibẹ̀, ẹnu ààlà kò sì jìnnà sí oko wa, nítorí náà ó rú wa lójú pé ọ̀tá ni wọ́n wá jẹ́ fún wa báyìí. Láìpẹ́, sójà kan gun ẹṣin dé láti Sokodé, eruku bò ó. Ó ní kí ọba kó gbogbo ọ̀dọ́kùnrin tó lè ru ẹrù wá kíákíá, wọn yóò ru ẹrù ogun lọ sí ìsàlẹ̀, kọjá Atakpamé. Ìlú tó bá kọ̀, wọn yóò fi iná sun ún. Ó mu omi, ó kọjá lọ sí ìlú mìíràn.

Ọkọ mi jókòó. Mo gbé oúnjẹ wá, ó sì jẹ ẹ́ ní ìjókòó, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí nígbà tí mo gbọ́ ẹgba. Ó fọ ọwọ́, ó lọ bá Lèmọ́mù, ó ní òun fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Gbogbo wa dé àgbàlá mọ́ṣáláṣí, àwa obìnrin dúró sẹ́yìn. Ẹ̀wù àdìrẹ tí ìyá rẹ̀ fún un ló wọ̀, kò wọ ti ìjọba. Ó sọ ohun tí sójà náà wí fún ìlú. Àwọn ìyá ti ń sunkún. Ó wá ní, "Mo ti ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí kí wọ́n tó fún mi ní ìbọn. Mo mọ bí àwọn tó ń lọ ṣe ń pọ̀ tó, mo sì mọ bí àwọn tó ń padà ṣe ń kéré tó. Ẹ kó àwọn ọmọ yín kọjá ààlà lọ bá àwọn ìbátan wa." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ìsìfú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ igbó yẹn jù. Ẹ bá wa kó wọn lọ."

Gbogbo ọdún tó fi jọba, "ìwọ" ló ń pe ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe ń pe gbogbo ọkùnrin ìlú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìsìfú kò gbéra níbi tó jókòó sí. Ó ní, "Ṣé àṣẹ ni?"

Ọkọ mi ní, "Rárá. Ẹ̀bẹ̀ ni."

Ìsìfú dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ mú ọ̀bẹ àti iṣu sísun, kí wọ́n pàdé òun lẹ́yìn oko àwọn Bello tó wà lẹ́bàá ààlà. Kò wo ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọkọ mi wọ ẹ̀wù ìjọba rẹ̀, ó di gàárì mọ́ ẹṣin. Mo bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ó ní Sokodé. Ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá lọ jẹ́ wọn lóhùn, wọn yóò wá sí Kambolé wá béèrè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí òun, orí òun ni wọn yóò ti bínú mọ. Mo ní ṣé ó mọ ohun tí wọn yóò fi ojú rẹ̀ rí. Ó ní sójà ni òun, òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo di ẹ̀kọ fún un. Ó gbé ọmọ wa, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ.

Ẹ kò lè mọ bí ìlú ṣe ń rí nígbà tí kò sí ọ̀dọ́kùnrin kankan nínú rẹ̀. Odó dákẹ́, nítorí ta ni à bá gúnyán fún? Ewúrẹ́ ń wọ inú ilé bó ṣe wù wọ́n. Bàbá mi nìkan ló ń hun aṣọ, bí òfì rẹ̀ bá dákẹ́ díẹ̀, gbogbo ènìyàn á máa wo ojú ọ̀nà Tchamba bóyá èéfín ń bọ̀. Kò sí èéfín tó bọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi nígbà tó yá. Ó ní òun dúró níwájú òyìnbó, òun sọ fún un pé kò sí ẹnìkan ní Kambolé tó lè lọ. Òyìnbó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n gba ẹṣin àti ìbọn rẹ̀, àwọn tó ti bá jẹun pọ̀ rí ló dè é, wọ́n tì í mọ́ inú àká àgbàdo, wọ́n ní ìdájọ́ rẹ̀ di ẹ̀yìn ọ̀la. Ṣùgbọ́n ogun ń sún mọ́ tòsí. Ó gbọ́ ariwo ẹrù tí wọ́n ń dì, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Wọ́n ti kó lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n gbàgbé rẹ̀. Agbọ́únjẹ wọn kan tó ṣẹ́kù, tó wá wá àgbàdo, ló ṣílẹ̀kùn bá a. Obìnrin Kótókólì kan ní Kouloundè fún un ní aṣọ ìró àti tùwó, kò bi í léèrè ẹni tó jẹ́.

Ọjọ́ ọjà ló wọlé, ẹsẹ̀ lásán, aṣọ obìnrin ló ró. Ó kí àwọn èèyàn lójú ọ̀nà, wọ́n dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá àlejò lóhùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nínú bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ogun Jámánì kò pẹ́ níhà tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn ọmọ náà padà wá, gbogbo wọn pé. Àwọn Faransé dé, wọ́n ní kòmándàn tiwọn, òyìnbó tó ń ṣàkóso, ìyẹn ìtàn mìíràn. Àwọn àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ oyè. Ọkọ mi ní òun kò jọba mọ́, pé kò sí ìgbà kan tí ìlú fi òun jọba. Wọ́n fi oyè náà fún ẹni tó tọ́ sí. Àwọn kan sì ní kí ọkọ mi kúrò ní ìlú pátápátá. Wọ́n dárúkọ àwọn tí ebi pa ní ọdún títì. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọkọ mi náà kò sì já wọn nírọ́. Lèmọ́mù ní kí Ìsìfú tí wọ́n nà lójú gbogbo ayé sọ tirẹ̀. Ìsìfú ní òun kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ, ó dìde, ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dúró, wọn ò lé e, wọn ò sì gbà á.

Bàbá mi fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀. Òjò dé, ọkọ mi ra ọkọ́, ó bọ́ sóko. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ti pàṣẹ fún gbogbo ìlú, kò mọ ebè kọ. Ìgbà tó yẹ kó kọ́ ọ, ó ń gé koríko fún ẹṣin. Ebè rẹ̀ kéré, ó tẹ̀ sápá kan, òjò kan bá rọ̀, ó ti wó. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko wọn á rọra wò ó, wọ́n á kọjá. Yóò tún kọ èyí tó wó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, mo ń fi òrí pa á fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé oúnjẹ lọ bá a. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó dúró sẹ́nu oko náà, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀, ó ń wo àwọn ebè yẹn. Mi ò lè ṣíwájú, mi ò lè padà sẹ́yìn. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò tíì rí i.

Ìsìfú ní, "Àroko bọ́dún dé o."

Ẹ mọ̀ pé bí àgbẹ̀ ṣe ń kí àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó fi í kí ọkọ mi rí. Ọkọ mi nàró. Ó wo ẹni tó kí i. Ó ní, "Àmín."

Ẹ̀gbọ́n mi wọ inú oko, ó bẹ̀rẹ̀ ní ìkangun kejì, ó ń kọ ebè bọ̀. Mo gbé oúnjẹ náà kalẹ̀ sábẹ́ igi, mo sáré padà sílé lọ gúnyán sí i, nítorí èyí tí mo gbé wá kò lè tó àwọn méjèèjì.